Fèrèsé Tí Wọ́n Fi Ra Ẹja

Òórùn dísẹ́ẹ̀lì tó jóná ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Fẹ́sítáàkì létí mi. Kì í ṣe àwọn òpópónà gígùn tí wọ́n fi nọ́ńbà pè, kì í sì ṣe igi fúrúùtù tó máa ń da ewé pupa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Òórùn dísẹ́ẹ̀lì ni, òun àti omi ẹja tó ń yọ́ lára yìnyín, àwọn méjèèjì á so pọ̀ bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, wọ́n á gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé wá bá wa láìkan ilẹ̀kùn. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo ń gbé báyìí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá kọjá lójú títì tó tú èéfín dúdú sílẹ̀, ọwọ́ mi á ṣàdédé máa wá aṣọ tí mo lè fi nu nẹ́ẹ̀tì fèrèsé.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ mi. Nígbà tí àjọ̀dún ńlá ayé ìjọ́un tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ Fẹ́sítáàkì parí, tí wọ́n sì fi ìbò pín àwọn ilé tó wà níbẹ̀, fúláàtì ìsàlẹ̀ kan ló bọ́ sí wa lọ́wọ́, nínú ọ̀kan lára àwọn àdúgbò kékeré ọlọ́nà kan ṣoṣo tí à ń pè ní kilóòsì. Ibẹ̀ la ti tọ́ àwọn ọmọ wa. Ibẹ̀ náà ni mo gbé máṣíìnì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ mi kalẹ̀ sí, tí tọmọdé tàgbà fi ń pè mí ní Màmá Aránṣọ. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun sì wọlé dé, iná ìjọba ti di àlejò tí kì í sọ ìgbà tó ń bọ̀, tí kì í sì í dúró jẹun bó bá dé. Ilé kọ̀ọ̀kan wá lọ ra jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀. Àwọn tí agbára wọn ò pọ̀ ra èyí kékeré tí àwọn ará Èkó fi ṣe yẹ̀yẹ́ sọ lórúkọ pé Mo-sàn-ju-aládùúgbò-mi-lọ. Àwa ò ra ọ̀kankan. Máṣíìnì mi ò béèrè iná, làńtánì sì tó wa jẹun alẹ́. Ṣùgbọ́n èéfín kì í béèrè bóyá o ní jẹnẹrétọ̀ kó tó wọ ilé rẹ.

Èyí tó tóbi jù nínú gbogbo wọn jẹ́ ti aládùúgbò wa kan, ọkùnrin tó ń ta ẹja yìnyín lẹ́bàá oríta Apple Junction. Ó ti sọ yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ di ibi tó ń kó fírísà sí, ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí àlàfo tó wà láàárín ilé tirẹ̀ àti tiwa, tó fi jẹ́ pé ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ kọjú sí fèrèsé yàrá wa gan-an bí ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀. Inú yàrá yẹn ni Bàbá ń sùn. Àyà rẹ̀ ti ń dùn ún látìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, dókítà sì ti sọ fún wa ní ọsibítù pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti rẹ̀, pé ibi tí èéfín bá wà kì í ṣe ibi tó yẹ kó máa sùn. A gbé ibùsùn lọ sí pálọ̀, èéfín tọ̀ wá lọ síbẹ̀. A ti fèrèsé, ooru fẹ́ pa á. Láràárọ̀ ni mo máa ń fi aṣọ funfun nu nẹ́ẹ̀tì, aṣọ náà á sì dúdú bí ẹni fi nu ìdí ìkòkò. Mo máa ń gbé e dání fún ìgbà díẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́. Mo máa ń rò ó pé, èyí tí nẹ́ẹ̀tì mú nìyí, èyí tó kọjá ńkọ́?

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn nígbà yẹn. Ariwo ò jẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé rí ìwé kà, èéfín sì ti fẹ́ pa ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ní kilóòsì kejì, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé sábẹ́ igi fúrúùtù. Ọmọ Alága ẹgbẹ́ wa ti ìlú òyìnbó dé lákòókò yẹn. Ọ̀rọ̀ èéfín gan-an ló ń kọ́ níbẹ̀, ó sì jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà kó tó jókòó. Ó dìde, ó ní àwọn ìlú ńláńlá ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá báyìí fún àwọn ilé iṣẹ́ wọn, nítorí èéfín ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ló ń mú gbogbo ayé gbóná. Wọ́n á kọ́kọ́ pààlà fún gbogbo èéfín tí wọ́n máa gbà láyè lápapọ̀. Wọ́n á wá pín in bí ẹni pín ẹran. Ẹni tí kò bá lo ìpín tirẹ̀ tán lè tà á fún ẹni tí tirẹ̀ ò tó. Lọ́dọọdún ni wọ́n á máa dín gbogbo rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, èéfín á sì máa relẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń bá ẹnikẹ́ni jà.

Ó ní àwa náà lè ṣe é. Kí a ṣe tálì oníke, irú èyí tí wọ́n máa ń fúnni ní báńkì kó tó kan èèyàn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré á gba tálì kan fún ìrọ̀lẹ́ kan, ńlá á gba mẹ́ta. Mẹ́gádì ẹnu géètì ni yóò máa gbà á kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo wa tẹ́tí. Mo sọ òótọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Bí ìyá mi ṣe ń pín omi ẹẹ̀rùn fún àwọn orogún rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ìjà nínú agboolé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ fẹ́ wọ́ ni ẹni tí yóò gba mélòó. Ọkùnrin ẹlẹ́ja dìde, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹni tó ń jẹ iṣu odidi tẹ́lẹ̀, ẹ ò lè wá fún un ní abala kan. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ tóbi ni kí tálì rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, kí ló fẹ́ fi tálì ṣe?”

Mo rí i pé àwọn kan ti ń mi orí. Mo rọra dìde, nítorí orúnkún mi, mo ní, “Èmi ni mi ò ní ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mo ní imú.”

Ṣọ́jà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ràn àwàdà, ní, “Màmá Aránṣọ, ṣé ẹ fẹ́ fi tálì ran bùbá ni?”

Mo ní, “Bí mo bá fi ran bùbá, kò ní mú yín wúkọ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ Alága ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó ní òótọ́ ni mo sọ, pé bí a bá fún ẹni tó ń tú èéfín jù ní tálì jù, a ti dá a lọ́lá fún ohun tó ń ṣe wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín in dọ́gbadọ́gba fún gbogbo fúláàtì, tálì mẹ́ta-mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo gba tèmi, mo fi sínú agolo bọ́tìnnì mi, mo sì lọ sọ fún Bàbá pé ìjọba ti dé sí kilóòsì wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e dára. Ọkùnrin ẹlẹ́ja ò lè tan tirẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, ó sì ń gbé yìnyín lọ sọ́jà bí ẹni tí inú ń bí. Bàbá gbé àga jáde síwájú ilé nírọ̀lẹ́. Ó gbọ́ ìró kòkòrò nínú koríko. Ó gbọ́ àwọn akọrin ìjọ wa tí wọ́n ń dánrawò ní òpópónà kejì, ó sì ní ohùn ìsàlẹ̀ wọn ò dọ́gba. Oorun rẹ̀ gún régé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ kan tí mo ti pa tì, nítorí ọkàn mi balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé ọjọ́ tirẹ̀ ló pé. Ó dún lọ́jọ́ kejì. Ó dún lọ́jọ́ kẹta. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ibi yòókù dákẹ́. Bí mo bá jáde síwájú ilé, kilóòsì á tutù bí ojú omi, tẹbí tará á jókòó síta tí wọ́n ń ṣeré, àwọn ọmọ á máa ta ayò. Bí mo bá padà wọ yàrá, á dà bíi pé wọ́n kó gbogbo ariwo àti èéfín kilóòsì jọ, wọ́n dà á sẹ́yìn ilé èèyàn kan. Mo lọ bá mẹ́gádì. Ó ní, “Màmá, Ọ̀gá ẹlẹ́ja ń mú tálì wá pé pérépéré. Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ o.”

Imú mi ló kọ́kọ́ sọ ibi tí ó ti ń rí tálì fún mi. Mo ń bọ̀ láti ìta lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ òórùn ẹja kótè tí wọ́n ń dín nínú ilé àkọ́kọ́. Mo gbọ́ ọ nínú ilé kejì. Títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà wa, kò sí ilé ìdáná tí kótè ò ti ń ta lórí epo. Mo dúró, mo ronú pé kí ló dé tí gbogbo wọn ń jẹ ẹja kan náà lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀la rẹ̀ ni obìnrin tó ń darí àwọn akọrin ìjọ wa, tí ilé rẹ̀ wà ní iwájú tiwa, wá kí aláìsàn. Nínú gbogbo kilóòsì, òun ló máa ń wá jù. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ tó bò dání, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ẹ kú ìtọ́jú, Màmá. Bàbá ńkọ́? Mo ní kí wọ́n fi èyí panu.”

Mo ṣí abọ́ náà. Kótè ni, ó tò síbẹ̀ rẹpẹtẹ, ata rodo ń ta sí mi nímú. Mo ní, “Ẹja yìí pọ̀ o, Àǹtí. Ṣé ẹ ti di ẹlẹ́ja ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹ̀tàn kankan lójú rẹ̀. “Ẹja tálì ni, Màmá. Ṣé ẹ̀yin ò tíì lọ gba tiyín? Ẹ kó tálì fún Ọ̀gá ẹlẹ́ja, á wọn ẹja fún yín. Àbí kí la fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ ṣe nígbà tí atẹ́gùn wà níta?”

Láti inú yàrá ni ikọ́ Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá náà. Ó mi orí, ó ní, “Pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ọlọ́run á wò yín sàn.”

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti bínú rí láyé. Mo ti bínú sí ọmọ, mo ti bínú sí oníbàárà tó ní mo gé aṣọ òun kéré. Èyí yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ó tutù. Ó wọ̀ mí lára láti àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó bọ́ sínú omi yìnyín, ó sì jókòó. Mo gba abọ́, mo dúpẹ́, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà mo da ọbẹ̀ náà nù sínú gọ́tà, mo sì fọ abọ́ náà kí n lè dá a padà fún un ní mímọ́.

Mo lọ sí ilé Alága. Ọmọ rẹ̀ jókòó, ó tẹ́tí gbọ́ mi, ó sì dá mi lóhùn tìfẹ́tìfẹ́ pé, “Màmá, lápapọ̀, èéfín kilóòsì ti dínkù dáadáa o.”

Mo ní, “Mo mọ̀. Gbogbo èyí tó kù, Bàbá ló ń fà á símú.”

Mo ní kó tẹ̀ lé mi. Ó tẹ̀ lé mi. Mo mú un wọ yàrá nígbà tí ẹ̀rọ ń dún, mo ní kó jókòó lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ nu ojú. Ìgbà tí a jáde, ó dúró síwájú ilé, ó ní, “Màmá, èéfín tí à ń bá jà lọ́hùn-ún, ibi yòówù tó bá ti jáde, ojú sánmà kan náà ló ń lọ, gbogbo ayé ló ń pín in. Mo ṣírò tiwa bẹ́ẹ̀. Mi ò ro ti ibi tí yóò balẹ̀ sí.” Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kọnkéré. Mi ò bínú sí ọmọ yẹn títí dòní. Kò mọ̀ ni. Àwọn tó ń gbé abọ́ wá kí wa mọ̀.

Ó ní kí wọ́n pe ìpàdé, wọ́n pè é. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí a gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí ibòmíràn. Ọkùnrin ẹlẹ́ja ní òun ò kọ̀, kí wọ́n fi ibẹ̀ han òun. O ò bá rí bí wọ́n ṣe ń tì í síra wọn. Ẹnìkan dá iwájú ilé ṣọ́jà àgbà lábàá, ṣọ́jà ní ariwo máa ń mú orí fọ́ òun. Ẹlòmíràn dá ẹ̀yìn ilé àǹtí akọrin lábàá, àǹtí ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọ òun ń sùn. Wọ́n dá ẹ̀gbẹ́ ilé Alága lábàá, Alága fúnra rẹ̀ wo ilẹ̀. Òfin ni òfin, ni ó wí nígbẹ̀yìn, gbogbo wa la jọ fọwọ́ sí i, Màmá náà fọwọ́ sí i. Ibi tó wà ni kó wà.

Mo dìde níbẹ̀. Mo ní, “Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé ọbẹ̀ wá kí Bàbá mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí i, tálì rẹ̀ ni kó fi kí i.”

Mi ò dúró kí wọ́n wá. Mo mú agolo bọ́tìnnì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Ṣọ́jà àgbà ló yà mí lẹ́nu: ó fún mi ní gbogbo tirẹ̀, kò wò mí lójú, ó ní, “Ẹ gbà á, Màmá. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹja.” Ìyàwó kékeré kan fún mi ní ẹyọ kan, ó ní kí n má jẹ́ kí ọkọ òun gbọ́. Alága sọ pé òun ti fi tiwọn fún ẹni kan. Àǹtí akọrin dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹja ti mọ́ àwọn ọmọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àdúrà wa ò ní dáwọ́ dúró.”

Mo ní, “Àdúrà ò lè dí ẹnu páìpù, Àǹtí.”

Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí ẹ̀yìn fèrèsé wa dákẹ́ nítorí ohun tó wà nínú agolo yẹn. Bàbá á jókòó síta lórí àga rẹ̀. Kò béèrè bí mo ṣe rí ìdákẹ́jẹ́ náà. Ọkùnrin ẹlẹ́ja wá bá mi lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ le, ó ní, “Màmá, ẹja mi ń yọ́. Mo ní ọmọ nílé ìwé. Tálì tí ẹ ò lò, tí ẹ ò tà, kí lẹ ń kó o jọ fún?”

Mo ní, “Mo ń lò ó. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mò ń fi í ṣe.”

Ó lọ bá ẹgbẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé òfin tuntun jáde, tí kò sí nínú ohun tí ọmọ Alága là sílẹ̀, nítorí ó ti padà sókè òkun nígbà yẹn. Wọ́n ní tálì tí ẹnikẹ́ni ò bá lò láàárín ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ fún ẹni tó nílò rẹ̀. Mẹ́gádì ló wá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó ń tọrọ àforíjì bó ti ń kà wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ẹ̀yìn fèrèsé dún.

Ọmọ mi obìnrin wá kó wa. Ọjọ́ tí a ń lọ, gbogbo kilóòsì ló jáde, wọ́n bá wa di ẹrù, wọ́n gbé máṣíìnì mi sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Wọ́n ní ká máa padà bọ̀ láyọ̀. Bàbá jókòó síwájú, ó wo ilé tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró dè, ó ní, “Ṣé o ti ti fèrèsé ẹ̀yìn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe ìyọnu. Kò padà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú lọ́dọ̀ ọmọ wa. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò ní sọ pé èéfín nìkan ló pa á. Mo kàn mọ̀ pé ó yẹ kó kú sínú ilé rẹ̀.

Àwọn ará kilóòsì wá kí mi kú aráfẹ́rakù, wọ́n kún inú bọ́ọ̀sì ìjọ. Àǹtí akọrin di mọ́ mi, ó sunkún, omijé gidi ni. Ó ní, “Ẹ ò bá sì ti sọ fún wa, Màmá, pé ó le tó bẹ́ẹ̀.” Mo wo obìnrin yìí, ẹni tí mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú agolo lọ́wọ́. Mi ò fèsì. Ká ní mo fèsì, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí láàárín wa, mi ò sì fẹ́ kó parí.

Rédíò ń sọ ọ́ lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé àwọn orílẹ̀-èdè ń bára wọn dúnàádúrà lórí èéfín, pé ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù lè ra ìpín lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ kéré. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ní ọgbọ́n tó dára ni. Mo ní ó lè dára. Mo ti rí i tó ń ṣiṣẹ́, ó mú kí àwọn ọmọ ta ayò síta. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn, pé ẹ̀yìn fèrèsé ta ni wọ́n máa gbé èyí tó kù sí. Wọ́n á ní Màmá tún ti dé.

Àwọn aládùúgbò wa rò pé ìrọ̀lẹ́ tí wọn ò lò ni wọ́n tà. Fèrèsé wa ni wọ́n tà, wọ́n sì mú díẹ̀ wá fún wa nínú ọbẹ̀. Látìgbà yẹn, kótè ò kan ẹnu mi mọ́. Bí wọ́n bá gbé e síwájú mi níbi tí mo bá lọ, mo máa ń dúpẹ́, mo máa ń rọra ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n á ní ṣé èèwọ̀ ilé wa ni. Mo máa ń ní rárá o, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, mo kàn mọ ohun tí wọ́n fi rà á ni.